Ẹni tí Ń Ka Pátákó fún Òpópónà Ìsàlẹ̀

Ọjọ́rú ni lẹ́tà náà dé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni ilẹ̀kùn ti tì. Ọjọ́ kan péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ojú omi bá ti ṣí, ẹni tó fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ àti ẹni tó fi odindi ọdún pẹ́, orí èbúté kan náà ni wọ́n jọ máa dúró sí.

Bàbá Dírẹ́bà ló mú un wá sí ọ́fíìsì wọ́ọ̀dù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi wa bọ́ọ̀sì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, títí di òní ló sì ń rìn bí ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀: á wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó yà síbikíbi, àní nínú yàrá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá jókòó síwájú tábìlì Akọ̀wé.

Akọ̀wé ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pe ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀. Òun ló ń gba ẹ̀sùn ará àdúgbò sílẹ̀, òun ló ń tẹ lẹ́tà, òun náà ló ń po gọ́ọ̀mù tó sì ń lẹ ìkéde mọ́ pátákó tó wà níta. Kánsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú wọ́ọ̀dù Keje ní káńsù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó fi ń bú u, nítorí Akọ̀wé kì í ṣe ọ̀lẹ.

"Bá mi kà á," ni Bàbá wí, ó na lẹ́tà sí i.

"Ẹ ò tíì kà á ni, Bàbá?"

"Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnu ẹlòmíì ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ ojú mi ló ń bá mi ṣeré."

Akọ̀wé kà á. Ìgbìmọ̀ tó ń tún ààlà wọ́ọ̀dù pín ló kọ ọ́. Wọ́n ní èrò wọ́ọ̀dù Keje ti pọ̀ jù, nítorí náà Òpópónà Ìsàlẹ̀, ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, yóò kúrò níbẹ̀ bọ́ sí wọ́ọ̀dù Kẹsàn-án. Ẹnikẹ́ni tó bá lòdì sí i, kí ìwé àtakò rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó lù. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ìgbìmọ̀ yóò jókòó, yóò sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ẹnìkan kì í kú nítorí pé wọ́n yí nọ́ńbà wọ́ọ̀dù rẹ̀ padà. Ilé ẹni kò ní ṣí kúrò níbi tó wà, aládùúgbò burúkú kò sì ní di ẹni rere. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni Òpópónà Ìsàlẹ̀ fi bẹ̀bẹ̀ kí káńsù tó fọwọ́ sí gọ́tà ńlá kan fún wọn lọ́dún tó kọjá, gọ́tà tí yóò máa gbé omi òjò òkè gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá lọ sódò. Wọ́ọ̀dù Keje ló sì ni gọ́tà náà. Ẹni tó bá ti bọ́ sí wọ́ọ̀dù Kẹsàn-án, gọ́tà Keje ò kàn án mọ́. Ètò ọdún márùn-ún ti wọ́ọ̀dù Kẹsàn-án sì rèé, wọ́n ti dì í, wọ́n ti tì í, kò sí ihò kan nínú rẹ̀ tí gọ́tà lè gbà wọlé.

Akọ̀wé kà dé ìlà ìkẹyìn. "'Gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀rí tí akọ̀wé wọ́ọ̀dù fọwọ́ sí, ìkéde ètò yìí wà lórí pátákó wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mọ́kànlélógún...'"

"Ibẹ̀ yẹn gan-an," ni Bàbá wí. "Ìgbà wo lo lẹ̀ ẹ́?"

Kò bi í bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kan èèyàn. Ó bi í bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sọnù mọ́ lọ́wọ́ ṣe ń béèrè ibi tó gbé e sí. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ bàbá yìí tí kò sí irú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù mìíràn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Òpópónà Ìsàlẹ̀ ti máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́, ìgbà tí wọ́n bá sì fi máa dé, èèyàn ò lè ka nǹkan kan lórí pátákó mọ́. Ni wọ́n bá yan Bàbá pé kó máa bá àwọn kà á. Láràárọ̀, tó bá ti di aago mẹ́jọ, á gòkè wá, á ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láìfo ìlà kan: ajá tó sọnù, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tí wọn ò ní tú omi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa ròyìn fún ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọdún mẹ́fà rèé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló pa jẹ, ọjọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀.

"Mo ń rò ó pé bóyá abẹ́ ìwé ajá yẹn ló wà," ni Bàbá wí. "Ajá funfun yẹn pẹ́ níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n wo fáìlì ná, Bàbá."

"Bá mi wò ó. Torí tó bá jẹ́ pé ó wà níbẹ̀ tí mi ò rí i, á jẹ́ pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti gbogbo wọn sómi."

Ó dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jáde.

Kò sí ohun tí Akọ̀wé fẹ́ wò nínú fáìlì. Ó mọ̀. Ìkéde tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀, ọwọ́ máa ń rántí rẹ̀. Ó rántí ìwé ajá funfun, ó rántí ìwé abẹ́rẹ́, ó rántí bí afẹ́fẹ́ ṣe gba ìwé omi mọ́ ọn lọ́wọ́ tó sì sáré lé e. Kò lẹ ìwé ààlà kankan.

Síbẹ̀ ó fa fáìlì yọ. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìfọwọ́sí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìrù gígùn tó máa ń fà sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè, ọwọ́ mìíràn ló kọ ọ́: 17, méje náà sì ní ìlà kékeré kan ní ìbàdí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe tíṣà ìṣirò rí. Òun ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n di bẹ́líìtì fún méje, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún ọ̀kan.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí, kò sì sí ẹlòmíì tó jẹ̀bi rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà òjò, ìránṣẹ́ káńsù máa ń wá gba ìwé ẹ̀rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kì í sì í dúró. Bó bá bá Akọ̀wé níta níbi tó ti ń lẹ ìwé, á yíjú padà, ọ̀sẹ̀ kan á sì ti bà jẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní, "Kí ló dé tí o ò máa fọwọ́ sí wọn sílẹ̀? Ṣé ìwọ náà kọ́ lo máa lẹ̀ wọ́n ni?" Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni lójú rẹ̀ nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, bí oṣù bá ti lé, á fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí mélòó kan láìkọ nǹkan kan sí wọn lára, bí ìgbà téèyàn ń gé àlùbọ́sà sílẹ̀ de ọbẹ̀, á kó wọn sí dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò ronú rí lọ́jọ́ kan pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé òfìfo, ẹnu ara rẹ̀ ló fi yá èèyàn.

Àwòrán wọ́ọ̀dù wà lára ògiri níwájú rẹ̀. Látìgbà tó ti dé ọ́fíìsì náà ló ti rí i pé ó jọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sá sórí okùn: Òpópónà Òkè ni ọrùn rẹ̀, Ọ̀nà Ilé-ìwé ni àyà, Òpópónà Ìsàlẹ̀ sì ni apá kan tó fì sílẹ̀ lọ sọ́nà odò. Ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tín-ín-rín kan sí èjìká apá náà. Ó ti pẹ́ tí ìlà yẹn ti wà níbẹ̀. Ó rò pé eruku ni.

Ó rántí òjò ọdún tó kọjá. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó Bàbá Dírẹ́bà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí omi dé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn, ọkọ̀ náà sì dé, ṣùgbọ́n orí òkè ló dúró sí. Dírẹ́bà rẹ̀ ní omi yẹn kì í ṣe omi tí ọkọ̀ ń wọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin bá yọ ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n tẹ́ ìyá náà sórí rẹ̀, wọ́n gbé e lé èjìká. Orí ilẹ̀kùn náà ló kú sí, níbi tí wọ́n ti ń gòkè. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá tún kan ilẹ̀kùn náà padà sójú àyè rẹ̀, nítorí kò ní òmíràn. Láàárọ̀ tí wọ́n lọ síbẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé dúró nínú omi tó mu ún dé orúnkún, ó di ọwọ́ bàbá náà mú, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kò ní kọjá kí gọ́tà tó dé. Ọ̀rọ̀ mi ni." Omi dúró lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé rí i. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni Kánsẹ́lọ̀ wọlé, àpò ìwé rẹ̀ lábíyá.

"Àbúrò, ṣé kò sí?"

"Bàbá Dírẹ́bà wá."

"Ẹ̀n-ẹ̀n. Lẹ́tà ti dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn." Ó gbé àpò sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Akọ̀wé ti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà sí i. "Bọ̀ọ̀dá, méje ta ló di bẹ́líìtì báyìí?"

Ó wò ó, ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "O ṣì rántí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Jókòó ká sọ̀rọ̀."

"Mi ò jókòó. Ìwé ìkéde ọ̀hún dà?"

"Ó wà nílé mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fún mi kí n lẹ̀ ẹ́?"

"Torí tí o bá lẹ̀ ẹ́, Bàbá Dírẹ́bà á kà á." Bí ẹni ń sọ pé eéjì àti eéjì jẹ́ ẹẹ́rin ló ṣe sọ ọ́. Ó wá fa àga, ó jókòó. "Gbọ́ mi. Èmi kọ́ ni mo ní èèyàn wọ́ọ̀dù yìí pọ̀ jù. Wọ́n ní kí n mú òpópónà kan sílẹ̀. Èwo ni kí n mú? Òpópónà Òkè tí wọ́n ń dìbò fún mi? Àwọn ará ìsàlẹ̀ yẹn, èébú ni wọ́n fi ń kí mi. Èèyàn mọ́kànlá ló dìbò fún mi nínú gbogbo wọn, mo sì lè dárúkọ wọn fún ọ. Tí mo bá já bọ́ nínú ìdìbò tó ń bọ̀, ta ló fẹ́ ṣe kiní kan fún ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù yìí?"

"Gọ́tà ńkọ́?"

"Á gba Ọ̀nà Ilé-ìwé. Omi ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀ náà."

"Omi Ọ̀nà Ilé-ìwé ò mu èèyàn dé kókósẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ti ìsàlẹ̀ ń gun bẹ́ẹ̀dì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa àpò ìwé rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ di ọwọ́ bàbá yẹn mú."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ọ̀rọ̀ yín ni."

"Mo ní mo mọ̀!" Ó fọwọ́ nu ojú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Tí wọ́n bá bi ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ohun kan ṣoṣo ni wàá sọ: 'Ìfọwọ́sí mi ni.' Ṣé ìfọwọ́sí rẹ kọ́ ni? Èwo wá ni irọ́ níbẹ̀?"

"Tí mo bá sọ nǹkan mìíràn ńkọ́?"

"Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún náà lákọ̀tun. Gbogbo Òpópónà Ìsàlẹ̀ á kọ̀wé, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ sí ìwé òfìfo ni òfin máa kọ́kọ́ mú, kí ó tó kàn mí. Iṣẹ́ rẹ á lọ. Wọ́n lè gbé ọ lọ sílé ẹjọ́. Èmi náà á tẹ̀ lé ọ." Ó dìde, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ tó ká ṣe fún un, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. "Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, Àbúrò. Ìwọ náà ti dàgbà."

Akọ̀wé kò mọ̀ bóyá ó ń halẹ̀ mọ́ òun ni tàbí ó ń ṣàánú òun. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí àwọn òbí wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún. Òun ló ń dì í nírun láàárọ̀, kò sì mọ irun-ún dì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní Ìtẹ́-Ẹyẹ. Nígbà tó sunkún délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ jókòó ti obìnrin onírun kan ní ìkángun òpópónà wọn fún ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta, láàárín àwọn obìnrin tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, títí ìlà orí àbúrò rẹ̀ fi tọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Báwo lèèyàn ṣe ń mú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́tàá?

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òpópónà Ìsàlẹ̀. Kò sọ fún ara rẹ̀ pé nǹkan báyìí ni òun ń lọ ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń lọ, òun sì ń tẹ̀ lé e. Bí èèyàn bá ti ń sún mọ́ odò, ni ìlà omi ọdún tó kọjá ń ga sí i lára ògiri ilé: ní ilé àkọ́kọ́, ó dé kókósẹ̀, ní ilé kẹwàá, ó dé ìbàdí, níwájú, ó ti dé ojú fèrèsé. Àwọn kan ti kùn ún bò, ó sì tún ti yọ.

Ìyá Télọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ha! Akọ̀wé! Ẹ káàbọ̀ sí ìlú òkèèrè o. Ṣé ẹ mú ìwé ìrìnnà dání? A kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ yín mọ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Wọ́ọ̀dù Keje ni mo sùn sí, Kẹsàn-án ni mo jí sí. Ìrọ̀rí mi gan-an ò mọ̀. Mo wá ń bi ọkọ mi pé ṣé ibi tá a ti ṣègbéyàwó ṣì jẹ́ ibi tá a ti ṣègbéyàwó. Ó ní tó bá ti yí padà, òun máa dúpẹ́."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì kan sọ̀rọ̀ látabẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Ẹ bi Bàbá oníwèé léèrè. Ajá funfun ló rí kà fún wa. Ilé wa ń sọ nù lọ, ajá ló ń bá wa wá."

"Fi bàbá sílẹ̀ jàre," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Ojú àgbà ni."

"Tójú bá ti di ojú àgbà, ó yẹ kó ti sọ tipẹ́, ká ti tètè yan ẹlòmíì. Ṣé ẹni tí kò ríran ni wọ́n ń fi ṣọ́ ọ̀nà? Òjò tó bá tún rọ̀, ilẹ̀kùn ta la máa yọ báyìí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ìyá Télọ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ìyẹn sì pariwo fún ìgbà díẹ̀.

Akọ̀wé bá Bàbá Dírẹ́bà nínú yàrá rẹ̀, lórí ìdúró. Ó ti gé ojú ìwé ìròyìn kan, ó fi ìṣó kékeré kàn án mọ́ ògiri, ó wá ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò nídìí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kàwé sókè bó ṣe ń lọ. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Láti ibí, mò ń rí àwọn ńlá," ó ní láìbojúwẹ̀yìn. "Àwọn kéékèèké ò dá mi lójú. Ṣùgbọ́n mi ò kì í jìnnà tó báyìí sí pátákó. Imú mi ni mo máa ń fi kàn án. Àbí, Akọ̀wé? Ṣé o máa ń rí mi láti ojú fèrèsé?"

"Mo máa ń rí yín, Bàbá."

"Ìyàwó mi sọ ọ́ kó tó lọ. Ó ní ojú mi ti ń di ojú ẹran sísè. Mo rò pé àpárá ló ń dá." Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Mo lọ sọ fún wọn lánàá pé kí wọ́n yan ẹlòmíì. Kí n tó sọ ọ́ tán, wọ́n ti yàn án."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ibì kankan. Akọ̀wé fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ojú yín ò ṣe nǹkan kan, Bàbá," ohun tó rí sọ nìyẹn.

"Má tù mí nínú. Ìwọ lo lẹ̀ ẹ́, mo sì mọ̀ pé o ò kì í ṣiṣẹ́ jákujàku. Tó bá ti wà níbẹ̀, tí mi ò rí i, kí lẹjọ́?" Ó fọwọ́ pa itan rẹ̀. "Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Lọ́la màá lọ síwájú ìgbìmọ̀ yẹn. Màá sọ fún wọn pé ẹ̀bi mi ni. Màá ní èmi ni wọ́n fi ṣọ́ pátákó, mo fọ́jú, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi ìyà ojú mi jẹ ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n lè ṣàánú arúgbó. Àbí kí lo rò?"

"Bàbá..."

"Ìtìjú ni, mo mọ̀. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí kò gbá adìyẹ, kó wá dúró níwájú èrò pé òun fọ́jú. Ṣùgbọ́n kí ni mo tún ń fi iyì ṣe? Má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ o. Kò níí fẹ́ kí n wọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbìyànjú, ọmọ yẹn. Ó di ọwọ́ mi mú."

Akọ̀wé sọ pé òun ń bọ̀, kò sì padà. Ó gun òkè lọ láìwo ẹnikẹ́ni. Níwájú ọ́fíìsì, ó dúró ti pátákó, ó ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí Bàbá ṣe máa ń kà á. Kò gba àkókò púpọ̀. Ìwé márùn-ún péré ni, àlàfo tó wà láàárín wọn sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí afọ́jú á fi rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ ò tíì lù nígbà tó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a ní pálọ̀, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lórí tábìlì, omi tó wọ́n sí i ń hó pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lábẹ́ ayọ́ọ̀nù.

"O tètè dé. Ó dáa. A jọ máa lọ ni," ó ní. "Bá mi wo ẹ̀yìn kọ́là yìí, ṣé ó ti tọ́?"

"Bàbá Dírẹ́bà ń bọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ lónìí."

"Jẹ́ kó wá. Kí ló fẹ́ sọ?"

"Ó fẹ́ sọ pé òun fọ́jú."

Ayọ́ọ̀nù dúró. Kánsẹ́lọ̀ gbé e nàró, kó má baà jó aṣọ, ó sì ń wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, kò wo àbúrò rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ní kó sọ bẹ́ẹ̀."

"Àwa la ní kó sọ bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Èmi pẹ̀lú yín. Ó gbé ìwé ìròyìn kọ́ ògiri, ó ń fi dán ojú rẹ̀ wò. Àwọn ará ibẹ̀ ń bú u."

"Wọ́n á gbàgbé. Oṣù méjì, wọ́n á gbàgbé."

"Òun ò ní gbàgbé."

"Àbúrò." Ó yíjú sí i wàyí. Kò fá irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Òun náà kò sùn. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa fi wá ṣe? Ṣé o mọ bí mo ṣe jìyà tó kí n tó dé ibi tí mo wà yìí, kí ìwọ náà tó dé ibi tó o wà? Nítorí bàbá arúgbó kan tí kò dìbò fún mi?"

"Ó dìbò fún yín. Ó wà nínú àwọn mọ́kànlá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ lè dárúkọ wọn. Ẹ dárúkọ wọn ká gbọ́."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí apá àga, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà láàárín orúnkún rẹ̀ bíi ti ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó dúró dé olùkọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Akọ̀wé rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń darúgbó, ó sì wù ú kó lọ bá a, kó gbé orí rẹ̀ mọ́ àyà. Ó dúró síbi tó wà.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Mò ń lọ dúró de Bàbá Dírẹ́bà lẹ́nu géètì káńsù, kó tó wọlé. Màá sọ fún un pé ojú rẹ̀ ríran, pé ìwé yẹn ò sí níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà màá wọlé lọ bá ìgbìmọ̀, màá sọ fún wọn pé mi ò lẹ ìkéde kankan, pé òfìfo ìwé ni mo fọwọ́ sí, pé ẹ̀yin lẹ kọ ọjọ́ sí i. Ohun tí wọ́n bá máa fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, Bọ̀ọ̀dá, ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ ọ́ lójú yín. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́."